Ẹ̀bùn Ọdún Tó Ní Ìtàn: Láti Ìsọ̀ Àárín Ìlú dé Ṣọ́ọ̀bù Mùsíọ́ọ̀mù

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, orí àga ni mo jókòó sí tí mo fi ra gbogbo ẹ̀bùn ọdún mi. Alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi ra ohun mẹ́sàn-án fún ènìyàn mẹ́sàn-án lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo sanwó, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ pé mo ti ṣe ojúṣe mi. Mẹ́ta nínú ẹrù náà dé lẹ́yìn tí ọdún ti kọjá lọ, ọ̀kan sì dé ní fífọ́. Síbẹ̀, kì í ṣe èyí ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni ìbéèrè kan tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bi mí nígbà tí wọ́n tú ẹ̀bùn tiwọn, tí wọ́n sì bá àwo ńlá aláwọ̀ ewé kan nínú rẹ̀. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní, “Àwo yìí mà dára o. Ta ló ṣe é?”

N kò ní èsì. N kò mọ ẹni tó ṣe é, n kò mọ ibi tó ti wá, n kò sì mọ̀ bóyá amọ̀ ni tàbí ike, nítorí pé èmi fúnra mi kò fọwọ́ kàn án rí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi dáadáa, wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé, bí ọdún bá tún yí po, n kò ní í fún ẹnikẹ́ni ní ohun tí n kò lè sọ bó ṣe jẹ́. Ìpinnu yìí ló gbé mi padà sí àwọn ìsọ̀ kéékèèké tó wà láàárín ìlú, òun náà ló sì gbé mi dé ibi tí n kò rò tẹ́lẹ̀, èyí ni ṣọ́ọ̀bù tó máa ń wà nínú àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní mùsíọ́ọ̀mù.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mùsíọ́ọ̀mù, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí bí wọ́n bá ń ronú ẹ̀bùn. Èrò tí èmi náà ní tẹ́lẹ̀ ni pé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá ọ̀nà àbájáde wà fún àlejò tó fẹ́ ra bírò kan láti fi hàn pé òun dé ibẹ̀. Ọjọ́ tí mo ń wá ẹ̀bùn fún ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún méje tó máa ń béèrè ìdí ohun gbogbo, ni ojú mi là. Mo rí erinmi kékeré kan lórí pẹpẹ, aláwọ̀ búlúù tó jinlẹ̀, tí wọ́n ya ewé àti òdòdó òṣíbàtà sí gbogbo ara rẹ̀ bí ẹni pé odò tó ń gbé inú rẹ̀ ló tẹ àmì sí i lára.

Káàdì pélébé kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dà ni erinmi náà. Ojúlówó rẹ̀ wà ní Metropolitan Museum of Art ní New York, tó gbà á sínú àkójọ rẹ̀ ní ọdún 1917. Inú ibojì ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Senbi, ní Meir ní ilẹ̀ Íjíbítì, ni ó ti wá, ó sì ti lé ní ọdún 3,800 tí wọ́n ti ṣe é. Ohun tí wọ́n fi ṣe é kì í ṣe amọ̀ lásán. Faience ni wọ́n ń pè é, òkúta funfun ni wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n fi mọ ọ́n, kí wọ́n tó fi iná sun ún títí ara rẹ̀ fi ń dán. Ní ọdún 1931, ìwé ìròyìn Punch ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìtàn ìdílé kan jáde, tí wọ́n gbé àwòrán erinmi yìí kọ́ sí ilé wọn tí wọ́n sì ń pè é ní William, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí di òní.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló mú mi ra á. Mẹ́ta nínú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ojúlówó fi dúró ni wọ́n tún ṣe, nítorí ó jọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ ẹsẹ̀ náà nígbà tí wọ́n ń gbé e sínú ibojì. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ń bẹ̀rù erinmi gidigidi, wọn kò sì fẹ́ kí ó dìde ṣe olóògbé ní jàǹbá ní ọ̀run. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọmọ náà, ó gbé erinmi rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bi mí pé èwo ni ẹyọ kan tí wọn kò ṣẹ́. Ohun ìṣeré tí mo fún un ní ọdún tó ṣáájú ti bàjẹ́ kí oṣù tó parí. Erinmi náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, gbogbo àlejò tó bá wọ yàrá náà ló sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo ti rà ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni ohun tó jẹ́ pé ẹ̀bùn ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí àwòrán ẹ̀ka igi álímọ́ńdì tó yọ òdòdó funfun, tí ojú ọ̀run búlúù sì tẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sára ìborùn, sára ife, sára ìwé àkọsílẹ̀. Vincent van Gogh ló yà á ní Saint-Rémy ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù kejì ọdún 1890. Theo àbúrò rẹ̀ àti Jo ìyàwó Theo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọkùnrin kan ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún náà, wọ́n sì sọ ọmọ náà ní Vincent Willem, kí ó lè jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn. Ẹ̀gbọ́n náà wá ya àwòrán yìí fún ọmọ tuntun. Igi álímọ́ńdì wà lára àwọn igi tó máa ń kọ́kọ́ yọ òdòdó nígbà tí òtútù bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé.

Van Gogh kú ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà. Theo kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀; oṣù kìíní ọdún 1891 ni òun náà lọ. Ìdílé kò ta àwòrán náà. Ọmọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ yà á dàgbà, ó di ẹnjiníà, òun ló sì ṣe wàhálà kí àkójọ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ má bàa fọ́n ká, títí tí Van Gogh Museum fi ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Amsterdam ní ọdún 1973. Ẹ wo bí ẹ̀bùn ọmọ tuntun ṣe di ohun tí gbogbo ayé ń wò. Ọ̀rẹ́ mi kan bímọ ní ọdún tó kọjá, mo sì ra ìborùn tó ní àwòrán yìí fún un. Mo kọ ìtàn náà ní gbólóhùn márùn-ún péré sínú káàdì, mo fi í sáàárín aṣọ náà. Lálẹ́ ọjọ́ tó tú u, ó pè mí, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó lè sọ̀rọ̀.

Bàbá mi ní tiwọn fẹ́ràn ṣẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀dà àwọn ọmọ ayò Lewis ni mo rà fún wọn, èyí tí ojúlówó rẹ̀ jáde láti inú ilẹ̀ ní erékùṣù Lewis ní Scotland ní ọdún 1831. Méjìlélọ́gọ́rin nínú àwọn ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ jẹ́ ti British Museum, mọ́kànlá sì wà ní National Museum of Scotland. Eyín walrus, ẹranko ńlá inú òkun olótùútù, ni wọ́n fi gbẹ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá. Àwọn ayaba ibẹ̀ fi ọwọ́ lérán bí ẹni tí ìròyìn kò dára bá nílé, àwọn jagunjagun kan sì ń fi eyín gé etí apata wọn jẹ nítorí ìbínú ogun. Bàbá mi kì í tètè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n jagunjagun tó ń jẹ apata yẹn pa wọ́n lẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn sílẹ̀.

Rẹ́sìn, irú ike líle kan, ni wọ́n fi ṣe ẹ̀dà tí mo rà, ó sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Mo sọ èyí nítorí pé bí a bá ń wọ àwọn ìsọ̀ ohun àtijọ́ káàkiri àárín ìlú, a lè pàdé ohun tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́, kí ọwọ́ wa sì nà sí i. Àdéhùn CITES, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1975, ló ń ṣàkóso òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, ní ọdún 1989 sì ni wọ́n fẹnu kò láti fi òfin de òwò eyín erin ilẹ̀ Áfíríkà láàárín orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun lè kó ẹni tó fẹ́ dá lọ́lá sínú wàhálà lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè. Èmi kì í rà á rárá, bó ti wù kí iṣẹ́ ọnà náà dára tó.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé, “Ẹ̀dà ni, kì í ṣe ojúlówó,” bí ẹni pé ìyẹn ti pa ọ̀rọ̀ náà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwòrán ìgbì òkun ńlá tí Hokusai ya ní ilẹ̀ Japan ní nǹkan bí ọdún 1831 jẹ́ ohun tí wọ́n gbẹ́ sára pákó tí wọ́n sì ń tẹ̀ sórí pépà léraléra, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè ní tiwọn nílé. Ìdí nìyẹn tí mùsíọ́ọ̀mù tó ju ẹyọ kan lọ fi ní i lónìí, tí gbogbo wọn sì jẹ́ ojúlówó. Ní ibi tí wọ́n ti ń kó ohun èlò òde òní jọ, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ tún yàtọ̀: bírò Bic Cristal, tó jáde ní ọdún 1950, wà nínú àkójọ Museum of Modern Art ní New York, bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ gan-an ló wà nínú àpò ọmọ ilé-ìwé. Ohun tí mo ń bi ara mi ni bóyá wọ́n fi ọ̀wọ̀ ṣe ẹ̀dà náà, bóyá ó jọ èyí tó bí i, àti bóyá ẹni tó ṣe é kọ orúkọ oníṣẹ́ àkọ́kọ́ sí i.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mùsíọ́ọ̀mù ló kógo já. Mo ti rí ife tí wọ́n kàn gé àwòrán olókìkí lẹ́ mọ́ lára, tí orí ẹni inú àwòrán sì bọ́ sí ìdí ọwọ́ ife. Mo ti rí ohun tí kò ní àjọṣe kankan pẹ̀lú ohun tí mùsíọ́ọ̀mù náà ń tọ́jú. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń kọ́kọ́ wọ inú mùsíọ́ọ̀mù lọ wo ojúlówó, bí ó bá wà níbẹ̀, kí n tó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ojú tó bá ti rí ojúlówó kì í pẹ́ rí àléébù ẹ̀dà. Bí àyè bá sì ṣí sílẹ̀ fún àfihàn kan tí kò ní í pẹ́ parí, ìwé àfihàn náà ni mo máa ń kọ́kọ́ mú, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í tún un tẹ̀ mọ́ bí àfihàn bá ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ó máa ń wúwo, ẹ kíyè sí i. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ béèrè owó ìfiránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó ìwé. Níbi púpọ̀, ẹ tún lè wọ ṣọ́ọ̀bù láìra tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé, ẹni tó bá sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ mùsíọ́ọ̀mù náà sábà máa ń rí ẹ̀dínwó gbà. Láti ọdún 2017 ni ọjọ́ Àìkú kan ti wà ní nǹkan bí ìparí oṣù kọkànlá tí wọ́n ń pè ní Museum Store Sunday, tí àwọn ṣọ́ọ̀bù mùsíọ́ọ̀mù ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi ń pe ènìyàn wá rajà. Apá kan nínú owó tí a ná níbẹ̀ ló ń padà sínú iṣẹ́ títọ́jú àwọn nǹkan tí a wá wò.

Ìsọ̀ àárín ìlú ní tirẹ̀ kò ní káàdì pélébé lábẹ́ ọjà. Ènìyàn ló wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ni ìtàn náà ti ń jáde.

Ìsọ̀ kan wà tí mo fẹ́ràn, kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ, ohun amọ̀ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ ibẹ̀, mo gbé ife kan, mo ń wo bó ṣe ń dán, ìyá tó ni ìsọ̀ sì rọra gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n ní, “Ìdí ni wọ́n ti ń wo ife.” Ìdí ife náà kò dán; amọ̀ pupa lásán ló hàn, ó le díẹ̀ lábẹ́ ìka. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ohun dídán tí wọ́n fi ń bo amọ̀ máa ń yọ́ bíi díńgí nínú ààrò, bí ó bá sì dé ìdí ife, yóò lẹ̀ mọ́ pẹpẹ inú ààrò, wọn yóò sì fọ́ ọ kí wọ́n tó lè gbé e kúrò. Nítorí náà ni amọ̀kòkò ṣe máa ń nu ìdí rẹ̀ mọ́ kí ó tó wọ iná. Lẹ́bàá ibi tí ohun dídán náà parí sí, mo rí àmì àtàǹpàkò kan, ó hàn ketekete, níbi tí amọ̀kòkò ti di ife náà mú nígbà tó ń rì í bọ inú ọ̀dà. Mo gbé àtàǹpàkò tèmi lé e. Ó fẹ̀ ju tèmi lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí òwò náà ṣe ń lọ. Púpọ̀ nínú ọjà tó wà lórí pẹpẹ kì í ṣe ti onísọ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló gbé wọn wá, bí ọjà bá sì tà ni wọ́n ń pín owó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe jọ ṣàdéhùn. Ìdí nìyí tí irú kan kì í fi í pọ̀: ife mẹ́fà, àwo mẹ́ta, ìkòkò òdòdó kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rí ohun tó wù yín tí ẹ sì ní kí ẹ lọ rò ó wò, ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn ti gbé e lọ kí ẹ tó padà. Ṣùgbọ́n onísọ̀ kan náà yìí yóò bá yín gbé e pamọ́ títí di ọjọ́ kejì bí ẹ bá béèrè, yóò tẹ amọ̀kòkò láago bí ẹ bá fẹ́ méjì tó bára mu, yóò sì sọ òótọ́ fún yín bí ohun tí ẹ mú kò bá lè gba omi gbígbóná. Ilé ìtàwé kékeré náà rí bẹ́ẹ̀. Mo wọ ọ̀kan tẹ́lẹ̀ láìmọ ohun tí mo fẹ́, mo kàn sọ fún ọkùnrin ibẹ̀ pé ẹni tí mo fẹ́ fún ní ìwé ń ṣọ̀fọ̀, kò sì fẹ́ ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ronú díẹ̀, ó lọ sẹ́yìn pátápátá, ó mú ìwé kan wá tó kún fún àwòrán ẹyẹ, ó ní kí n má kọ nǹkan kan sínú rẹ̀ ju orúkọ mi lọ. Ẹ̀bùn tó yẹ jù lọ ni mo fún ẹnikẹ́ni ní ọdún yẹn.

N kò ní sọ pé ó dínwó. Nígbà mìíràn ó wọ́n ju ti orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, nítorí ẹni tó ra ọjà mẹ́fà kò lè rí i rà ní iye tí ẹni tó ra ẹgbẹ̀rún mẹ́fà rí i rà. Ohun tí mo ṣe sí i ni pé mo dín iye ẹ̀bùn kù. Ènìyàn mẹ́sàn-án tí mo máa ń rà fún ti di márùn-ún. Àwọn mẹ́rin yòókù ń gba lẹ́tà tí mo fi ọwọ́ mi kọ, kò sì sí ẹni tó ráhùn nínú wọn. Mo tún kọ́ láti jáde ní kùtùkùtù, ní àárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí onísọ̀ ṣì ní àyè láti sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ọdún ku ọ̀la, èrò yóò pọ̀ débi pé kò sí ìtàn tí yóò gbọ́. Mo máa ń gba rìsíìtì tí wọn kò kọ iye owó sí, kí ẹni tí mo fún ní ẹ̀bùn lè pààrọ̀ rẹ̀ láìtijú, mo sì máa ń béèrè ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń gba ọjà padà, nítorí ìsọ̀ kékeré kì í sábà fún ni ní àyè tó pọ̀.

Ní ọdún yìí, mo ti ra ti ènìyàn mẹ́rin. Ó ku ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mo padà sí ìsọ̀ amọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì sọ ọ̀rọ̀ àwo aláwọ̀ ewé náà fún ìyá tó ni ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní amọ̀kòkò kan yóò ṣí ààrò rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, àwo ńlá mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan sì jẹ́ àwọ̀ ewé, bí iná bá gbà fún un. Mo san àsansílẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ mi sórí pépà kékeré kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pẹpẹ tó ṣófo, lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ orúkọ amọ̀kòkò náà fún mi sórí òmíràn, àti abúlé tó ti ń wa amọ̀ rẹ̀. Ó wà nínú àpò mi báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí.